Ṣé ó yẹ kí ìjọba ìlú máa pàṣẹ bí ilé tuntun ṣe máa rí?

Àjà_Kejì kọ̀wé:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé kíkọ́ nílùú wa ti gbé àbá òfin kan síta, wọ́n ní kí àwa ará àdúgbò sọ tẹnu wa kó tó di òfin. Àbá náà ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ ilé púpọ̀ tà, tàbí tó fẹ́ fi gba owó ilé, gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìlànà lórí bí ilé náà ṣe máa rí látìta: ohun tí wọ́n máa fi bo ara ògiri, irú òrùlé, àwọ̀ ọ̀dà, bí fèrèsé ṣe máa tò, ibi tí ẹnu ọ̀nà máa kọjú sí. Wọ́n tún fi gbólóhùn kan sí i pé ilé tuntun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ "bá ìrísí àdúgbò mu". Èmi ni àwọn aládùúgbò mi yàn pé kí n kọ ìwé èsì wa, ọkàn mi ò sì tíì balẹ̀ sọ́nà kan.

Ìdí rèé. Wọ́n kọ́ ilé ńlá kan sí òdìkejì wa. Tí ẹ bá gbójú sókè wò ó, kò burú. Àmọ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kì í gbójú sókè. Ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ níbi tí èèyàn ń gbà kọjá ni ògiri gbọọrọ tí kò ní fèrèsé kan ṣoṣo, ilẹ̀kùn irin ńlá tí mọ́tò ń gbà wọlé, àpótí mítà iná tó tò tẹ̀ léra, àti ihò kan tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń tú jáde láti ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilé. Ojú èèyàn gan-an ni afẹ́fẹ́ yẹn ń fẹ́ sí. Àwọn èèyàn ti ń sọdá sí ẹ̀gbẹ́ tiwa kí wọ́n tó dé ibẹ̀, bí ẹni pé wọ́n jọ fẹnu kò lé e lórí.

Ṣùgbọ́n àbúrò mi ń wá ilé tó máa háyà, ó sì ti ń wá a pẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ní kí akọ́létà fi kún ilé, ayálégbé ló máa san án bó pẹ́ bó yá. Mi ò fẹ́ kọ̀wé tó máa jẹ́ kí títì lẹ́wà kí àwọn bíi tiẹ̀ má sì ríbi gbé.

Kí lẹ rí sí i? Ṣé kí ìlú pàṣẹ, àbí kí wọ́n fi onílẹ̀ sílẹ̀? Bí wọ́n bá máa pàṣẹ, ibo ni kí wọ́n ti dúró?

Onílẹ̀_Ló_Nilẹ̀ fèsì:

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é rárá. Ẹnì kan ra ilẹ̀, ó yáwó ní báńkì, èlé ń gorí èlé, ẹ wá ní kí àwọn èèyàn kan jókòó sí yàrá kan kí wọ́n máa bá a yan ọ̀dà? Ṣé wọ́n á bá a san gbèsè náà?

Gbólóhùn "bá ìrísí àdúgbò mu" yẹn, mo ti gbọ́ ọ rí, mo sì mọ ohun tí wọ́n máa ń lò ó fún. Ilé alájà mẹ́rin fáwọn tí owó wọn ò pọ̀ kì í bá ìrísí àdúgbò mu. Ilé ńlá olówó kan ṣoṣo tó jẹ gbogbo ilẹ̀ náà máa ń bá a mu dáadáa.

Ẹ wo Houston ní Amẹ́ríkà. Wọn ò ní òfin tó ń pín ilẹ̀ sí ti ilé gbígbé àti ti ọjà, ó sì wà lára àwọn ìlú tó tóbi jù lórílẹ̀-èdè yẹn. Ayé ò parẹ́.

Ayàwòrán_Tó_Ti_Rẹ̀ fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Onílẹ̀, mo gbọ́ yín, àmọ́ ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ Houston yẹn. Lóòótọ́ ni pé wọn ò ní òfin ìpín-ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú náà ní òfin lórí bí ilẹ̀ tí wọ́n máa kọ́lé sí ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó àti bí ilé ṣe máa jìnnà sí títì tó. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àdúgbò níbẹ̀ ní àdéhùn tó so mọ́ ìwé ilẹ̀, tó ń sọ ohun tí èèyàn lè kọ́ àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ kọ́, ìlú fúnra rẹ̀ sì lè bá wọn gbé ẹni tó bá rú u lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n ń pàṣẹ níbẹ̀ náà. Ẹni tó ń pa á ló yàtọ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya pílánù fún àwọn tó ń kọ́lé tà. Owó wọn ni mo ń jẹ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìjọba ló rán mi. Tí oníbàárà bá pè mí, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Yàrá mélòó ni ilẹ̀ yìí lè gbà?" Kò tíì sẹ́ni tó bi mí rí pé báwo ni ìsàlẹ̀ ilé ṣe máa rí lójú ìyá arúgbó tó ń kọjá lọ. Wọn kì í ṣe ìkà èèyàn. Ìyá arúgbó yẹn kọ́ ló máa ra ilé ni. Ẹni tó ń sanwó ń gbé inú ilé, àwa yòókù ń gbé ìta rẹ̀, a ò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dúnàá dúrà. Bí ìlú ò bá bá wa sọ̀rọ̀, kò sẹ́lòmíràn tó máa bá wa sọ ọ́. Nítorí náà èmi gbà kí wọ́n pàṣẹ. Ohun tí wọ́n máa pa láṣẹ ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí.

Lọ́dún 1915, wọ́n parí ilé kan ní New York tó ń jẹ́ Equitable Building, alájà 38, tó yọ sókè gbọnrangandan láti etí títì láìfà sẹ́yìn rárá. Òjìji rẹ̀ bo àwọn ilé tó yí i ká, àwọn onílé ibẹ̀ sì figbe ta. Àwọn tó ti ń béèrè òfin tẹ́lẹ̀ rí nǹkan dì mú. Ní 1916 ìlú náà ṣòfin pé ilé lè lọ sókè títí dé ìwọ̀n tó bá fífẹ̀ títì mu, lẹ́yìn náà kó máa fà sẹ́yìn bó ṣe ń ga sí i. Tí ohun tó kù bá ti di ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ náà, ìyẹn lè ga débi tó bá wù ú. Ẹ wo ohun tí wọn ò fi sínú òfin yẹn. Wọn ò dárúkọ ọ̀dà, wọn ò sọ pé òkúta ni kí wọ́n lò tàbí bíríkì. Ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ fún ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́. Chrysler Building àti Empire State Building, abẹ́ òfin kan náà ni wọ́n kọ́ àwọn méjèèjì sí. Ẹni tó bá ní wọ́n jọra, kó tún ojú nù.

Ìlú kan náà ló wá ṣe èyí tó wọ́. Ní 1961 wọ́n pa òfin dà, wọ́n ní ẹni tó bá fi àyè gbalasa sílẹ̀ níwájú ilé fún aráàlú, àwọn máa jẹ́ kó kọ́ ju ìwọ̀n tó tọ́ sí i lọ. Níbi tí wọ́n ti gbà kí ilé tóbi jù, ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kan tó bá fi sílẹ̀ máa fún un ní mẹ́wàá lókè. Ta ni ò ní gbà? Àyè náà wá pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin ò sọ pé kí ibi ìjókòó wà níbẹ̀, wọn ò sì fi sí i. Àwọn kan tiẹ̀ ri irin ṣónṣó mọ́ etí ògiri kúkúrú kí ẹnikẹ́ni má bàa fìdí lé e. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ William H. Whyte gbé kámẹ́rà lọ síbẹ̀ láti wo ibi táwọn èèyàn ń jókòó sí àti ibi tí wọ́n ń yẹra fún. Ohun tó rí wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n tún òfin náà ṣe ní 1975, wọ́n wá kọ iye ibi ìjókòó tí wọ́n ń fẹ́ sí i. Èyí ló yẹ kẹ́ ẹ rántí nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ ìwé yín, torí akọ́létà ò lè ka inú yín. Ohun tó bá wà lórí bébà ló máa ṣe, kò sì ní fi ẹyọ kan kún un.

Ọ̀rọ̀ ẹwà wá ńkọ́? Láti 1957 ni Santa Fe ní Amẹ́ríkà ti ní òfin pé ilé tó bá wà láàárín ìlú àtijọ́ gbọ́dọ̀ jọ ilé amọ̀ ayé ọjọ́un. Ó ń fa àlejò wá, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ báyìí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní amọ̀ kankan nínú. Wọ́n kàn rẹ́ ẹ ní àwọ̀ amọ̀ ni, títí kan ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ní Berlin, nígbà tí wọ́n ń tún gbàgede kan tó ń jẹ́ Pariser Platz kọ́ lẹ́yìn tí ògiri tó pín ìlú náà ti wó, wọ́n kọ ìlànà fún iwájú ilé: bó ṣe máa ga tó, kí òkúta pọ̀ níbẹ̀, kí fèrèsé má gba gbogbo ògiri. Ayàwòrán ilé kan tó ń jẹ́ Frank Gehry ló ya ilé báńkì kan síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ọkùnrin yẹn kì í fa ilà tó tọ́. Àmọ́ iwájú ilé yẹn, òkúta tó gún régé ni, pẹ̀lú fèrèsé tó tò létòlétò. Ẹ wá wọlé, ẹ ó bá ohun ràgàjì kan tí wọ́n fi irin bò, tó wọ́, tó lọ́, láàárín àgbàlá. Gbogbo orí kunkun rẹ̀ ló kó sínú ilé. Ẹni tó mọṣẹ́ máa rí ọ̀nà gbé e gbà lábẹ́ òfin èyíkéyìí. Ẹni tí kò mọṣẹ́, ìlànà kan náà ló máa tẹ̀ lé, á fún yín ní òkúta níta, kò sì ní sí nǹkan kan nínú.

Èmi náà ti bá irú gbólóhùn tó wà nínú àbá yín yẹn pàdé. Ìgbìmọ̀ kan ní pílánù mi ò bá ìrísí àdúgbò mu. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ nàka sí ilé tí wọ́n fẹ́ kó bá mu. Olúkúlùkù nàka sí ilé tirẹ̀. Níkẹyìn wọ́n ní kí n fi òrùlé ṣónṣó sí i níwájú, mo fi sí i, wọ́n buwọ́ lù ú. Òrùlé náà kò bo nǹkan kan. Ẹyẹ ló ń gbé ibẹ̀.

Bíríkìlà_Àtijọ́ fèsì:

Ẹ kú àríyànjiyàn. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ New York, ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti abẹ́ fèrèsé.

Níta, lábẹ́ fèrèsé, ohun tó wà níbẹ̀, yálà òkúta ni o tàbí kọnkéré, ó yẹ kó yọ síwájú kúrò lára ògiri, kó dẹ̀ síta díẹ̀ kí omi lè ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fa ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí abẹ́ rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Kò fẹ̀ ju orí ìka ọmọńdinrín lọ. Tí omi òjò bá rá wá sábẹ́, tó dé ihò yẹn, kò lè ré e kọjá, ilẹ̀ ló máa kán sí. Tí ihò náà ò bá sí, omi á rá dé ara ògiri, á máa ṣàn lọ sísàlẹ̀, á sì máa kó ìdọ̀tí dání. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí ilé tuntun tí omijé dúdú ń ṣàn lábẹ́ gbogbo fèrèsé rẹ̀ kó tó pẹ́ rárá. Iṣẹ́ kékeré ni, kò gba àkókò, kò gba sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́lé tà mọ̀ pé òun á ti tà á kí dúdú yẹn tó jáde. Àwòrán tí wọ́n gbé wá síwájú ìgbìmọ̀ sì máa ń mọ́ tónítóní, torí òjò kì í rọ̀ nínú àwòrán.

Torí náà, ìyáàfin, dípò kí wọ́n kọ ọ́ pé kí ilé "lẹ́wà", ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ pé kí abẹ́ fèrèsé yọ síta, kó sì ní ihò omi. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó fi ìka kàn án.

Ohun kan tún wà tó wúwo ju ìyẹn lọ. Kẹ́ ẹ tó béèrè bí ohun tí wọ́n fi bo ògiri ṣe rí, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ rántí Grenfell Tower, ilé gbígbé gíga kan ní London. Àtúnṣe tó parí ní 2016 wọ ìbòrí tuntun fún ilé náà, ojú ẹ̀ sì yí padà. Ike tó ń gbaná ló wà láàárín ìbòrí yẹn. Nígbà tí iná sọ ní oṣù kẹfà 2017, ara ògiri níta ló gbà gòkè, ẹ̀mí 72 ló bá a lọ. Ìlú tó bá máa pàṣẹ ìbòrí ògiri láìsọ ọ̀rọ̀ iná, kó panu mọ́.

Akọ̀wé_Fáìlì fèsì:

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń gba pílánù wọlé ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún mi. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí fáìlì ń sọ.

Gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni lè túmọ̀ bó ṣe wù ú, ọjà títà ni. Mo rí fáìlì tó jókòó sórí tábìlì kan títí eruku fi bò ó nítorí "ìrísí". Mo rí òmíràn tó wọlé ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé tó ti gba òǹtẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ilé tó burú jù nínú àwọn méjèèjì sì ni. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òfin tó dáa máa ń le, ó sì máa ń ṣe kedere. Lẹ́yìn tí iná jó London ní 1666, òfin àtúnkọ́ tí wọ́n gbé jáde ní 1667 ní kí ògiri ìta jẹ́ bíríkì tàbí òkúta. Ó pín ilé sí ìsọ̀rí mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí títì tó kọjú sí ṣe ṣe pàtàkì tó, ó sọ iye àjà tí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan lè ní àti bí ògiri rẹ̀ ṣe máa nípọn tó. Bíríkìlà tó mọ nọ́ńbà kà lè mọ̀ bóyá òun ti rú òfin. Kò nílò kí ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni kó tó mọ̀.

Àmọ́ nọ́ńbà nìkan ò tó tí kò bá sẹ́ni tó máa dúró tì í. Ní 1859 ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Ildefons Cerdà ya ìlú tuntun tí wọ́n máa kọ́ yí Barcelona àtijọ́ ká. Nínú ètò rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjì péré nínú mẹ́rin tí ìpín ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan láàárín àwọn títì ní ni wọ́n máa kọ́lé sí, ilé ò ní ga ju mítà 16 lọ, àárín á jẹ́ ọgbà fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Àwọn tó ń kọ́lé kọ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n fi àjà lé àjà, wọ́n kó ìsọ̀ àti ilé iṣẹ́ sínú ọgbà. Ọjọ́ kan kọ́ ni wọ́n ṣe é. Díẹ̀díẹ̀ ni, òfin sì ń gbà fún wọn díẹ̀díẹ̀. Igun tó ní kí wọ́n gé kúrò ní gbogbo oríta nìkan ni wọn ò rí jẹ, ẹ lè rí i níbẹ̀ dòní, torí pé ara títì ni, gbogbo ayé ló ń rí ẹni tó bá fẹ́ gbà á.

Onílẹ̀_Ló_Nilẹ̀ fèsì:

Ó dáa, mo ti gbọ́. Mi ò gbà tán o. Ihò abẹ́ fèrèsé, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà lórí ìyẹn. Ohun tó ń pa akọ́létà ni dídúró. Ìpàdé yìí, ẹ padà wá, ẹ tún un yà, ìpàdé míì. Báńkì ò dúró. Gbogbo oṣù tí fáìlì fi wà lórí tábìlì, èlé rẹ̀ máa wọ inú owó ilé tí àbúrò yín ń wá.

Tí wọ́n bá fẹ́ pàṣẹ, kí wọ́n kọ nọ́ńbà, kí ẹni tó bá ti mú nọ́ńbà ṣẹ gba òǹtẹ̀ láìjókòó níwájú ìgbìmọ̀ kankan. Kí wọ́n sì fi gbèdéke sí i: tí ọjọ́ báyìí bá pé tí wọn ò fèsì, ó ti di gbígbà. Ìyẹn nìkan ni mo lè fọwọ́ sí.

Àjà_Kejì fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n Onílẹ̀, tiyín yẹn á wọ inú ìwé, gbèdéke náà pàápàá.

Mo ti ń fa igi lé àwọn ibi kan nínú àbá náà. Ọ̀dà jáde. Irú òrùlé jáde. "Bá ìrísí àdúgbò mu" jáde, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú wa fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mo sì mọ̀ pé a máa fà á. Ohun tó kù ni ìsàlẹ̀ ilé tó kọjú sí títì: pé kí ẹnu ọ̀nà èèyàn wà níbẹ̀, kí ihò afẹ́fẹ́ gbígbóná má kọjú sí ẹlẹ́sẹ̀, kí ilẹ̀kùn mọ́tò má gba gbogbo iwájú, kí fèrèsé tí èèyàn lè rí inú rẹ̀ wà lára ògiri. Mo fi ti Bàbá Bíríkìlà sí i, àti ọ̀rọ̀ iná.

Ibi tí mo há sí ni nọ́ńbà gan-an. Apá mélòó lára ògiri ìsàlẹ̀ ló yẹ kó jẹ́ fèrèsé? Tí mo bá kọ ìdajì, ṣé kò pọ̀ jù? Ta ló sì máa wá wò ó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán?

Akọ̀wé_Fáìlì fèsì:

Lórí wíwò ó: ẹ má jẹ́ kó di lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ ọ tán. Ẹ ní kí ẹni tí ìlú bá rán wá ní ìgbà tí wọ́n bá mọ ògiri ìsàlẹ̀ dé orí fèrèsé, kí wọ́n tó lé àjà míì lé e. Nígbà yẹn, wíwó rẹ̀ ò tíì wọ́n wọn lówó, wọn ò sì lè sunkún pé ayálégbé ti kó wọlé. Kí wọ́n tún di ìwé àṣẹ ìgbélé mú títí wọ́n á fi wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ayàwòrán_Tó_Ti_Rẹ̀ fèsì:

Mi ò ní fún yín ní nọ́ńbà kan fún gbogbo títì, ẹni tó bá sì fún yín, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Títì tí ìsọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo ilé lè gba ju ìdajì lọ láìsí wàhálà. Títì tó jẹ́ ilé gbígbé lásán ò lè gbà á, torí ẹni tó ń sùn nísàlẹ̀ máa fi kọ́tìnnì dí i pa láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ ò ní rí nǹkan kan tó ju aṣọ lọ. Kí òfin ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Ẹ mú téèpù, ẹ lọ sí títì tí gbogbo yín fẹ́ràn láti gbà kọjá, tí kì í ṣe tuntun. Ẹ wọn ìsàlẹ̀ ilé bíi mẹ́wàá níbẹ̀: gígùn iwájú ilé, gígùn fèrèsé, iye ìgbésẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì. Ẹ wọn bí fèrèsé ṣe jìn wọnú ògiri tó pẹ̀lú, torí wọ́n máa ń gbàgbé ìyẹn. Kí ẹnì kan máa wọn, kí ẹlòmíràn máa kọ. Nọ́ńbà tó bá wà láàárín àwọn yẹn ni kẹ́ ẹ kọ sínú ìwé, kẹ́ ẹ sì so orúkọ títì náà mọ́ ọn, kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá ní ẹ ń béèrè ohun tí kò ṣeé ṣe, ẹ kàn máa mú un lọ síbẹ̀ ni.